Páàdì Tí Kì Í Purọ́ Mọ́ Ọwọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé géèmù tó wà lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ní Mowe tàbí ní Ibafo, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò rí ohun tó ń tan àtẹ́lẹwọ́ jẹ ní gbangba. Ọ̀dọ́ méjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú tẹlifíṣàn. Ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, èkejì ń gbá a fún Real Madrid. Wọ́n á jọ wà ní ọ̀mì títí tí eré yóò fi kù díẹ̀ kó parí. Lójijì, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn á yà kúrò níbi tó yẹ kó dúró, á máa rìn lọ sápá òsì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àtàǹpàkò ẹni tó ń darí rẹ̀ kò kan ohunkóhun. Bọ́ọ̀lù á wọlé, ariwo á ta. Ẹni tí wọ́n nà á gbé páàdì sókè, á ní, "Páàdì yìí ló nà mí, kì í ṣe ìwọ!" Ẹni tó nà án á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀lẹ àgbẹ̀ ló ń dá ọkọ́ lẹ́bi.

Nígbà mìíràn, ọkọ́ ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lèyí lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú ọmọ tó fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ san gbèsè àṣìṣe tí kò ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé géèmù, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń san owó eré. Bí irinṣẹ́ bá ti ń ṣègbè, ẹjọ́ ti wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí àwọn ọmọdé ń jà lé lórí lójoojúmọ́ fi tọ́ sí àgbà láti dá sí: irú páàdì wo gan-an ló péye?

Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń polówó ọjà la bi, páàdì tó péye ni èyí tó jáde kẹ́yìn, tí kò ní wáyà, tó ń tàn yòò, tó sì ń gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ bí ojú ọjọ́ inú géèmù bá yí padà. Ìdáhùn tó bá Mowe, Ibafo àti Ifọ mu yàtọ̀ sí èyí. Páàdì tó péye ni èyí tó gba ọwọ́ ọmọdé àti ti àgbà, tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí àtàǹpàkò rán an láìfi kún un, tí kì í dúró de iná, tí a sì lè tún ṣe ládùúgbò lọ́jọ́ tó bá ṣàárẹ̀. Èyí tí kò bá ní àwọn nǹkan mẹ́rin yìí, bó ti wù kí ó wọ́n tó, ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí á kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí òun ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ènìyàn. Mowe àti Ibafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé; Ifọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń gbé ní àwọn ìlú wọ̀nyí nítorí owó ilé. Òbí á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò ní padà dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé géèmù ni ibi ìṣeré tó sún mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ jù lọ, ó sì jẹ́ òwò tí ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ lè fi tẹlifíṣàn méjì, PS3 tàbí PS4 àlòkù àti ẹ̀rọ amúnáwá kékeré bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo irinṣẹ́ òwò náà, páàdì ló ń tètè bàjẹ́ jù, nítorí òun nìkan ni ọwọ́ ènìyàn ń kàn láti àárọ̀ di alẹ́.

Nígbà tí Sony gbé PS5 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, dọ́là 70 ni wọ́n ń ta páàdì rẹ̀ kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà. Kí ìjọba àpapọ̀ tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 470 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Ní ìṣirò yẹn, iye páàdì náà kò ju nǹkan bíi náírà 33,000 lọ. Nígbà tí dọ́là kan dé 1,500 náírà, páàdì kan náà di 105,000 náírà, láìtíì ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò mọ́ ọn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 77,000 náírà. Èyí ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan lè fi odidi oṣù kan ṣiṣẹ́ láìjẹ, láìmu, kí owó rẹ̀ má sì tó ra páàdì kan. Ta ló wá lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni?

Ohun èlò tó ti gba ọ̀nà jíjìn ni páàdì. Lọ́dún 1976, Jerry Lawson, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Fairchild Channel F, ẹ̀rọ géèmù inú ilé àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè yọ géèmù kan kúrò nínú rẹ̀ kí ó fi òmíràn sí i. Ọ̀pá ìdarí rẹ̀ ṣeé gbá mú bí ìdimú kẹ̀kẹ́. A lè tì í síwá sẹ́yìn, a lè yí i, a lè fà á sókè, a sì lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Atari mú ọ̀pá kan àti bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo wá. Gunpei Yokoi ti iléeṣẹ́ Nintendo ló gbé bọ́tìnnì oníjọ àgbélébùú jáde lọ́dún 1982, èyí tó mú kí àtàǹpàkò kan ṣoṣo lè darí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Títí di òní, àgbélébùú náà ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ páàdì.

Èyí tí àwọn ọmọ Mowe mọ̀ dáadáa ni ti Sony. Teiyu Goto ló ya àwòrán páàdì PlayStation àkọ́kọ́ tó jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1994. Òun ló fún un ní ìyẹ́ méjì tí àtẹ́lẹwọ́ ń dì mú. Òun náà ló yan òbìrìkítí fún "bẹ́ẹ̀ ni" àti ìlà alágbèékọjá fún "bẹ́ẹ̀ kọ́". Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà kò fẹ́ràn ìyẹ́ yẹn. Páàdì pẹlẹbẹ ni ojú ayé ti mọ̀. Norio Ohga tó jẹ́ olórí Sony nígbà náà ló gbè é lẹ́yìn. Lọ́dún 1997 ni Sony fi ọ̀pá kékeré méjì sí i, àwọn tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní analog. Láti ìgbà náà títí di òní, ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. PS2 tó tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri àgbáyé ló gbé e dé gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú wa.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni pé ọwọ́ ló yẹ kí á fi wọn páàdì. Bí Yorùbá bá sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ìwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n ń sọ. Ní ilé géèmù kan náà, ọmọ ọdún 10 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé lè gba páàdì lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí àtàǹpàkò rẹ̀ nípọn bí orí ìṣó ńlá. Páàdì tó bá tóbi jù á mú kí ọmọ náà máa na ìka títí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro ó. Èyí tó bá kéré jù á mú kí mẹkáníìkì tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀. Páàdì tó péye fúyẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ kò yọ̀ bí òógùn bá mú ọwọ́, àlàfo sì wà láàárín bọ́tìnnì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ńlá kò ní ṣi ọ̀nà. Ooru ilẹ̀ wa kì í ṣe ti Tokyo. Nínú yàrá tí páánù bò, tí fáànù kan ṣoṣo ń fẹ́ ogún ènìyàn, òógùn kì í ṣe àlejò.

Àwọn mìíràn sì wà tí ọwọ́ wọn kò rí bí ti ẹlòmíràn. Microsoft gbé páàdì kan jáde lọ́dún 2018 fún àwọn tí ara wọn níjà. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ènìyàn lè fi ìgúnpá, ẹsẹ̀ tàbí àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́. Sony náà ṣe irú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2023. Owó wọn pọ̀ ju ohun tí ilé géèmù àdúgbò lè san lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pé bí ènìyàn kò bá lè lo páàdì, kò yẹ kí á yára sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ní àbùkù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ṣe páàdì ni kò rántí rẹ̀.

Ohun kejì ni òótọ́, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Páàdì kò ju ìránṣẹ́ lọ. Àtàǹpàkò ló ń rán an, ẹ̀rọ ló ń jíṣẹ́ fún. Ìránṣẹ́ tó bá fi kún ọ̀rọ̀ tàbí tó yọ nínú rẹ̀ ti di ọ̀dàlẹ̀. Bí páàdì ṣe ń di ọ̀dàlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Lábẹ́ ọ̀pá analog, orí irin tíńtín kan ń rìn lórí ojú ọ̀nà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi èédú lílọ̀ ṣe. Ibi tí orí irin náà bá dúró sí ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀pá wà láàárín tàbí pé ó ti tẹ̀ sápá kan. Bí orí irin náà ti ń lọ tó ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ojú ọ̀nà á máa jẹ, èédú á máa ya. Eruku á tún wọlé. Nígbà tó bá yá, ọ̀pá á dúró láàárín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á gbọ́ pé ó ti tẹ̀ sí òsì. Ibẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù ti ń rìn fúnra rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn àwọn tó ń ra ayédèrú nìkan. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ àtúnṣe ní iFixit tú páàdì PS5 wò. Wọ́n rí i pé irú ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀ ni èyí tí ẹni tó ṣe é sọ pé ó lè yí ní ìgbà mílíọ̀nù 2. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé fún ẹni tó ń ta géèmù ìbọn, ó lè dé iye náà láàárín wákàtí 417. Fún ọmọ tó ń ta géèmù fún wákàtí méjì lójúmọ́ nínú ilé wọn, nǹkan bí oṣù méje nìyẹn. Ní ilé géèmù Ibafo tó ń ṣí fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ 42 ni. Òótọ́ ni pé géèmù bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ti ìbọn, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀pá máa ń pẹ́ ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìṣirò náà fi hàn kedere pé ìyẹ̀wù ọmọ kan ni wọ́n fojú sí nígbà tí wọ́n ń ṣe irinṣẹ́ náà. Wọn kò ro ti ilé òwò tí ogójì ọwọ́ ń gbà kọjá lóòjọ́ mọ́ ọn. Eruku pupa Mowe lásìkò ọyẹ́ pàápàá kò sí nínú ìṣirò wọn.

Nintendo náà kò bọ́. Lọ́dún 2019, àwọn oníbàárà pè é lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí pé ọ̀pá páàdì Switch ń rìn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2020, ààrẹ iléeṣẹ́ náà, Shuntaro Furukawa, tọrọ àforíjì. Ohun tó dun ni ni pé oògùn àrùn yìí ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1998, Sega gbé Dreamcast jáde, ó sì lo òòfà nínú ọ̀pá páàdì rẹ̀. Òòfà ń rìn lókè, ohun tó ń mọ agbára òòfà wà nísàlẹ̀, méjèèjì kì í fara kanra. Ohun tí kò fara kanra kì í jẹ ara rẹ̀. Irú ọ̀pá olóòfà bẹ́ẹ̀ ti padà sọ́jà báyìí lára páàdì àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ilẹ̀ China, àwọn kan nínú wọn kò sì wọ́n tó páàdì àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ra páàdì fún òwò lónìí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè nìyí: ṣé òòfà ni tàbí èédú?

Ohun kẹta ni iná. Bí páàdì tí kò ní wáyà ṣe rọrùn tó níbi tí iná kì í ti í lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ ìnira níbi tí iná ti ń ṣe bí àlejò. Bátìrì ló ń gbé e, bátìrì sì gbọ́dọ̀ mu iná. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo bẹntiró ti gbéra láti ìsàlẹ̀ 200 náírà fún lítà kan, ó sì ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Onílé géèmù tó ń fi ẹ̀rọ amúnáwá ṣiṣẹ́ kò lè tan án nítorí kí páàdì lè mu iná nígbà tí kò sí oníbàárà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bátìrì tó bá kú láàárín eré náà ń ṣègbè bí ọ̀pá tó ń rìn fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé wáyà náà ní ìyọnu tirẹ̀. Òtítọ́ ni. Ọmọdé á fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ẹ̀rọ á ṣubú. Ẹni tínú ń bí á fà á, orí rẹ̀ á já. Páàdì tó péye wà láàárín méjèèjì: kí wáyà rẹ̀ gùn, kí ó sì ṣeé yọ, kí ó jẹ́ irú wáyà tí wọ́n ń tà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta wáyà fóònù, kí páàdì sì lè máa ṣiṣẹ́ lórí wáyà náà kódà bí bátìrì inú rẹ̀ bá ti kú pátápátá. Bí wáyà bá já, kí a ra òmíràn. Kò yẹ kí ikú wáyà di ikú páàdì.

Ìyẹn ló gbé wa dé ohun kẹrin, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò fẹ́ gbọ́: àtúnṣe. Kò sí ohun tí ọwọ́ ń lò lójoojúmọ́ tí kì í gbó. Ọ̀bẹ ń kú, à ń pọ́n ọn. Ìlù ń dẹ̀, à ń fa ọṣán rẹ̀. Nínú páàdì, ohun mẹ́ta ló máa ń tètè gbó: rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì, ọ̀pá analog àti ojú ihò wáyà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Mowe àti nítòsí ọjà Ifọ mọ gbogbo wọn. Wọ́n lè fi sukurudiráífà kékeré tú páàdì, kí wọ́n nu rọ́bà, kí wọ́n yọ́ léèdì kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀pá tó ti jẹ, kí wọ́n fi tuntun tí wọ́n rà ní Computer Village n'Íkẹjà rọ́pò rẹ̀. Ọgbọ́n orí ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwé àlàyé kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ojúlówó ẹ̀yà ara kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ wò bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lókè òkun. Ìpínlẹ̀ California àti Minnesota ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tó pa á láṣẹ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ pé kí wọ́n máa ta ẹ̀yà ara àti irinṣẹ́ àtúnṣe fún oníbàárà. Òfin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin méjèèjì yọ ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀. Kò sì jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ náà kò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe páàdì tó rọrùn láti tún ṣe. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Sony gbé páàdì kan tó ń jẹ́ DualSense Edge jáde. Ọ̀pá analog rẹ̀ ṣeé fà yọ láìyọ́ léèdì, dọ́là 20 sì ni wọ́n ń ta òmíràn tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Páàdì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ dọ́là 200 nígbà tó jáde, èyí tó tó 300,000 náírà bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà. Lọ́rọ̀ kan, wọ́n mọ ohun tó tọ́, olówó nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó yẹ kó wà lára páàdì tí kò wọ́n jù lọ, wọ́n gbé e sára èyí tó wọ́n jù.

Níbi tí ojúlówó bá ti wọ́n báyìí, ayédèrú kì í jìnnà. Páàdì ayédèrú wà lọ́jà tí àwòrán ara rẹ̀ jọ ti Sony bí ìbejì. Bí a bá gbé e, ó fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Bọ́tìnnì rẹ̀ le lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ti dẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Olówó kékeré ló ń ra ọjà ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ká ní onílé géèmù kan ń ra ayédèrú ní 6,000 náírà, tó sì ń bàjẹ́ lóṣooṣù. 72,000 náírà ló ti ná kí ọdún tó yípo. Ká ní ẹlòmíràn ra páàdì onígbẹ̀ẹ́kẹ̀lé kan ní 35,000, tó fi 3,000 tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. 44,000 ni tirẹ̀, páàdì rẹ̀ sì ṣì wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ní 6,000 lónìí kò ní 35,000. Òṣì ló ń mú ènìyàn ra ohun tó wọ́n lọ́nà tó jọ pé ó pọ̀. Ibí ni àjọ àwọn onílé géèmù àdúgbò lè gbà ran ara wọn lọ́wọ́: bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá èésú, wọ́n lè jọ ra páàdì olóòfà àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ní iye àrákúpọ̀.

Àwọn àgbà kan kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ilé géèmù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sá fún ilé ìwé, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń kọ́ tẹ́tẹ́. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì tọ́ kí onílé géèmù má ṣe gba ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé wọlé ní àkókò ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló jogún ayò ọlọ́pọ́n fún wa. Nídìí ayò, ihò méjìlá ni, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí ti ọ̀ta ṣe rí ni ti ọ̀pẹ́ rí. Kò sí ẹni tí ọpọ́n ń ṣègbè fún. Nítorí èyí, bí wọ́n bá na ènìyàn, ó mọ̀ pé ọgbọ́n ni wọ́n fi nà òun; kò ní ẹ̀sùn, ó lè padà lọ kọ́ ọgbọ́n sí i. Ohun tí eré fi ń kọ́ ọmọdé nìyẹn. Ọmọ tí páàdì ń yàn jẹ lójoojúmọ́ kò kọ́ ohunkóhun bí kò ṣe pé ẹni tó bá tètè já irinṣẹ́ tó dára gbà ló ń borí. Ẹ̀kọ́ yẹn ti pọ̀ jù nílùú tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Onílé géèmù lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìná kọ́bọ̀: kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ páàdì nígbà tí eré bá dé ìdajì, kí wọ́n sì dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá rìn láìrán an, kí páàdì náà kúrò lórí ìjókòó. Ẹni tó ń ra páàdì lè gbé e lọ́wọ́, kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kí ó yí ọ̀pá kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó padà sáàárín, kí ó tún béèrè bóyá ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́jà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì lè pẹ́ bó ṣe yẹ. Àjọ FCCPC tó wà fún un kò yẹ kó fojú kéré ọjà nítorí pé ọwọ́ ọmọdé ló wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà lè fi àtúnṣe irú ẹ̀rọ báyìí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yọ́ léèdì sẹ́sẹ̀ ọ̀pá analog kò jìnnà sí ẹni tó lè tún rédíò, fóònù àti ẹ̀rọ ìmúlétutù ṣe.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn ọmọ tó ń lu bọ́tìnnì bí ẹni ń gún iyán gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Àwọn tó ń ṣe páàdì náà gbọ́dọ̀ gbọ́ tiwọn: ọwọ́ tó ń lò ó ní Mowe, Ibafo àti Ifọ kì í ṣe ọwọ́ àlejò nínú ọjà àgbáyé. Owó wọn ni wọ́n ń san. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: bí àtàǹpàkò bá dúró, kí agbábọ́ọ̀lù dúró, bí ó bá sì yà, kí ó yà síbi tí wọ́n rán an. Lọ́jọ́ tí páàdì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n nà á sanwó rẹ̀ láìjanpata, ẹni tó nà á á sì mọ̀ pé òun nà án lóòótọ́.